Ewú Orí Márẹ̀kì

Ǹjẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí yìí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja rí fún ọmọ tí ẹ lè bí, lórí ilẹ̀ kọnkéré, láàárọ̀ kùtùkùtù, pẹ̀lú akoto lórí àti púláyà lápò? Èmi ti ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, orí mi kò sì dàrú. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi ṣe é, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ mi ní Inísà, tí mo rò pé yóò gbè mí níbikíbi tí mo bá dé láyé.

Ọmọ Inísà ni mí, ṣùgbọ́n Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí gáràjì. Wáyà iná ilé ni mo kọ́kọ́ ń ṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá di ohun tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò, mo lọ kọ́ iṣẹ́ wáyà tirẹ̀ ní Òṣogbo, mo sì di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti Òkukù títí dé Ìgbàyè, bí ilé ìwé tàbí ilé ìfowópamọ́ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàrá kan máa bá ti yàrá kejì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Wáyà ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń la ọjà Ìkìrun kọjá, ọwọ́ mi kì í sinmi, nítorí bí mo ṣe ń jùwọ́ sí tọ̀tún ni tòsì ń kí mi.

Adúkẹ́ aya mi ń dirun níwájú ilé wa ní Inísà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Òkukù, ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ohùn tí wọ́n fi ń lé àwọn ọmọ wọ kíláàsì kò tíì kúrò lọ́fun wọn di òní olónìí.

Iṣẹ́ wá ń gbẹ lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là fún mi. N kò ní fi ìtàn ìrìn àjò náà yọ yín lẹ́nu. Mo lọ, mo dé. Leeds ni orúkọ ìlú náà, òjò ibẹ̀ sì dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

*

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo kí gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ pé ẹ káàárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Obìnrin kan tó jókòó nítòsí mi rọra gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn. Mo ro ó pé bóyá ohùn mi ni kò jáde, mo sì tún kí wọn. Awakọ̀ gan-an wá ń wò mí nínú dígí.

Ilé yìnyín ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ṣe. Adìẹ tó ti gan bí òkúta ni mo ń kó sínú ọ̀rá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, èmi Ọ̀gá Wáyà. Bí Adúkẹ́ bá pè mí tó ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ ti jẹun?" mo máa ń dáhùn pé mo ti jẹ. Bó bá wá bèèrè pé kí ni mo jẹ, mo máa ń ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n kì í ṣe adìẹ.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń fa wáyà kọ̀ǹpútà sínú àwọn ilé ọ́fíìsì ńláńlá gbà mí, ṣùgbọ́n fún ìdánwò ni. Dáníẹ́lì, ọ̀gá tó ń darí wa ní sáìtì, là á yé mi. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n pupa ni, kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, ọ̀rẹ́ ló sì ń pè mí. Ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni ìpín mi. Bí àwọn tó ni ilé bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri sì ń ṣiṣẹ́, wọn yóò gbà mí síṣẹ́ títí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí fún mi. Láìsí iṣẹ́ àṣetítí, n kò ní ìwé tí mo fi lè mú aya mi wá. Adúkẹ́ ti ra ẹ̀wù òtútù sílẹ̀ ní Ìkìrun. Ó máa ń wọ̀ ọ́ wò nínú oòrùn ọ̀sán, àwọn tó ń dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ a sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí ló máa ń bèèrè pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ńkọ́, bí ẹni tó ń bèèrè ara ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

*

Ní ilé wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé sáìtì, mo rí ọkùnrin kan tó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì dání níwájú ògiri. Mo tú ìkíni náà sí Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń tú u nílé, mo ní, "Well done." Ọkùnrin náà wo ògiri, ó wò mí, ó ní, "N kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Láti inú àpótí irin gíga kan tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ni gbogbo wáyà ti ń jáde. Wọn a gba òkè àjà kọjá nínú ọpọ́n irin gbọọrọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì sọ̀kalẹ̀ sínú ògiri, níbi tí tábìlì òṣìṣẹ́ kan yóò wà. Okùn tín-ínrín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà kan, oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n ní, kálukú ló sì ní ihò tirẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. A kì í fà á ju bó ṣe yẹ lọ, a kì í sì í ká a kó ṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù yóò bà á jẹ́, yóò sì dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ìparí iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù: yíya gbogbo wáyà náà bí ẹni fi òòyà yarun, kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn gẹẹrẹ wọnú àpótí. Ní ọjọ́ kan mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Adúkẹ́ kó lè bá mi yọ̀. Ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Bàbá Bọ́lá, ta ló di ṣùkú yìí?"

"Èmi ni. Ṣé ó dára?"

"Apá ọ̀tún dára. Ẹ tú apá òsì. Ojú ìlà rẹ̀ ti wọ́ láti ìdí, ẹ wá ń fi agbára fà á sókè. Bí orí ènìyàn bá ni, kò ní sùn lóru òní."

"Adúkẹ́, wáyà ni o."

"Mo mọ̀ pé wáyà ni. Ẹ tú u."

Inú bí mi díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tún un wò, ó sì wọ́ lóòótọ́. Mo tú u, mo tún un dì. Dáníẹ́lì dúró wò ó, ó ya fọ́tò tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkàn mi balẹ̀ nílẹ̀ àjèjì.

*

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn tó ń fi pátákó bo àjà dé, Márẹ̀kì sì ni olórí wọn. Ẹ gbà mí láyè kí n máa pe Márẹ̀kì ní "wọn" títí a ó fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè wọ́n nínú ọkàn mi nígbà náà.

Ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì ni wọ́n. Orí wọn funfun báláú bí òwú, ìpéǹpéjú wọn funfun, irun apá wọn pàápàá funfun. Ojú wọn ti hunjọ nítorí sìgá àti afẹ́fẹ́. Wọ́n máa ń kérora kí wọ́n tó gun àkàbà, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé ti sú. Mo wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Háà, bàbá rèé." Àwọn ará sáìtì sì sọ fún mi pé Márẹ̀kì kò gba ìgbàkugbà. Pátákó irin ni wọ́n fi ń bo àjà, ọ̀kan ń há mọ́ èkejì, irinṣẹ́ kan bí ìkọ́ tó wà ní ìgbànú wọn nìkan ló sì lè ṣí i. Ẹnìkan tó ń fa wáyà ní ilé mìíràn ti ní kí wọ́n ṣí ibì kan fún òun rí, wọ́n sì gbé àkàbà rẹ̀ jù sí ìta fún un. Èmi kò rí àléébù níbẹ̀. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n máa pààrà òun.

Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ̀yin" tí ènìyàn lè fi bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì ń fi "sà" dí àlàfo náà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Bí tíì bá hó, mo máa ń bu tiwọn ṣáájú, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, pẹ̀lú ìtẹríba. Àkàbà wọn, tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni mo máa ń bá wọn gbé e kiri. Wọ́n á fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n á ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́." Orí mi a sì wú, nítorí kò sí ẹni tó tíì súre fún mi láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà.

Mo sọ fún Adúkẹ́ nípa wọn.

"Wọ́n á tó ọmọ ọdún mélòó?"

"Wọ́n á ti máa súnmọ́ àádọ́rin."

"Tí wọ́n ṣì ń gun àkàbà! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí dà?"

"Bí òyìnbó ṣe wà nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dì í mú fún wọn o. Egungun wọn ò ní le mọ́."

Èmi náà sì ń dì í mú. Iṣẹ́ mi ń dúró, mo ń di àkàbà mú.

*

Nílé, n kò ronú rí pé àgbà jẹ́ ohun tí ènìyàn lè ṣàìmọ̀. Ní Inísà, mo mọ ẹni tí wọ́n bí ṣáájú mi ní àdúgbò, mo mọ ẹni tí a jọ wọ ilé ìwé, mo mọ ẹni tí mo gbé pọ̀n. Kálukú ló ní àyè tirẹ̀, n kò sì ní láti wo orí ẹnikẹ́ni kí n tó kí i. Nílẹ̀ àjèjì, ó dà bí ẹni pé wọ́n da gbogbo wa sínú yàrá kan, wọ́n wá pa iná. Ẹni tó lè jẹ́ ọmọ mi ń pè mí lọ́rẹ̀ẹ́. Ẹni tí n kò mọ ìdílé rẹ̀ ń pè mí ní orúkọ tí ìyá mi sọ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ewú orí Márẹ̀kì mú. Òun nìkan ni àmì tí mo mọ̀ ọ́n kà ní gbogbo ìlú náà.

*

Ní ọjọ́bọ̀, ó ku díẹ̀ kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta parí. Ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni àwọn tó ni ilé ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Apá ọ̀dọ̀ fèrèsé nìkan ló kù mí kù. Mo ti ká àwọn wáyà ibẹ̀ bí òṣùká sókè àjà, mo sì fẹ́ mú wọn sọ̀kalẹ̀ sínú ògiri lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo jẹun tán, mo padà dé, mo sì bá Márẹ̀kì lórí àkàbà, lábẹ́ ibẹ̀ gan-an, wọ́n ń fi pátákó dé e.

Dáníẹ́lì ì bá pariwo, ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá pariwo. Èmi káwọ́ sẹ́yìn, mo dúró. A kì í dá àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dúró. Ènìyàn a dúró kí wọ́n ríni, kí wọ́n fúnra wọn bini léèrè. Mo wúkọ́ díẹ̀.

Wọ́n wolẹ̀. "Ṣé o fẹ́ nǹkan ni?"

Ẹnu mi ń sáré, ẹ̀kọ́ ilé dá a dúró. "Rárá o, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ni."

Pátákó kan há, ó ní kẹ́. Òmíràn há, ó ní kẹ́. Bó ṣe ń dún ni mo ń rí ẹ̀wù òtútù Adúkẹ́ lókè níbẹ̀, tí wọ́n ń dé e mọ́ àárín wáyà mi. Nígbà tó ku ẹyọ kan, wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀ láìwò mí. Èmi fúnra mi ni mo gbé pátákó náà fún wọn. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e.

Dáníẹ́lì dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Ó wo ara ògiri, ó rí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tó là sílẹ̀ gbayawu.

"Ọ̀rẹ́, wáyà ibí dà?"

Mo nàka sókè.

"Tí o ò sọ̀rọ̀? Ibo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni."

Dáníẹ́lì fọwọ́ bo ojú. "Ìwọ lo máa bá Márẹ̀kì sọ ọ́ o. Èmi ò ṣe é. Ṣùgbọ́n bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ibí ò bá ṣiṣẹ́ lọ́la, mi ò ní lè fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ó dùn mí, ọ̀rẹ́."

Mo pe Màmá Òkukù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítorí n kò lójú tí mo fi lè pe Adúkẹ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ìwọ ọmọ yìí." Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. "O dúró, o káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń bo iṣẹ́ rẹ mọ́lẹ̀?"

"Àgbà ni wọ́n, Àǹtí mi."

"O wá ń gbé pátákó fún wọn."

"Wọ́n nawọ́ ni, mà."

"Hùn. Ó dáa. Bó bá jẹ́ àgbà ni wọ́n lóòótọ́, wọ́n á mọ ẹ̀bẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó gun ohunkóhun, lọ bá wọn. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tí ẹ ń fọwọ́ kan ilẹ̀ láyé òde òní. Kí àyà rẹ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o ro ẹjọ́ rẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Kí àyà mi kanlẹ̀, mà."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Márẹ̀kì wọlé pẹ̀lú ife kọfí wọn. Mo rìn lọ bá wọn, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," mo sì tẹ́ gbalaja. Àyà mi kanlẹ̀. Akoto mi yí lọ sábẹ́ àkàbà.

Ife kọfí bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ó ti dákú! Ẹ gbà mí o, ó ti dákú!"

"Rárá, sà, mo fẹ́ bẹ̀..."

"Má sọ̀rọ̀! Mí sínú! Dáníẹ́lì!"

Dáníẹ́lì sáré dé pẹ̀lú àpótí oògùn. Wọ́n yí mi dojú sókè. Ẹnìkan gbé ẹsẹ̀ mi lé orí páálí, ẹnìkan ń fẹ́ mi pẹ̀lú àwòrán ilé. Bí mo bá ti la ẹnu pé sà, Márẹ̀kì á ní kí n má sọ̀rọ̀. Omi ṣúgà ni wọ́n fún mi mu kẹ́yìn. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá ìjẹun, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gun àkàbà títí wọn yóò fi wá sinmi. Bí ẹ̀bẹ̀ mi ṣe di àìsàn nìyẹn, tí aago sì ń lọ.

Èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀. Kéèkì kan wà lórí tábìlì, wọ́n kọ orúkọ Márẹ̀kì sí i, wọ́n sì gún àbẹ́là méjì sí orí rẹ̀. Ọ̀kan dà bí 3, èkejì dà bí 6. Ọjọ́ ìbí wọn ni. Mo wò ó dáadáa, mo mi orí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti fi ìkánjú gbé àbẹ́là àgbàlagbà sódì. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ọdún wọn kò tó bí mo ṣe rò. Mo fa àbẹ́là méjèèjì yọ, mo gbé 6 ṣáájú 3, mo fi ìka tún ojú kéèkì ṣe. Ó kéré tán, oore kan nìyẹn tí wọn yóò rí lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀bẹ̀.

Gbogbo òṣìṣẹ́ wọlé wá sinmi. Wọ́n rí kéèkì. Ẹ̀rín bú, ẹni tó ń kun ògiri fi ara ti ilẹ̀kùn. Ojú Márẹ̀kì pọ́n bí ata.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo dìde. "Èmi ni, sà. Wọ́n gbé e sódì fún yín, mo sì bá yín tún un tò."

Dáníẹ́lì ló dá mi lóhùn. "Ọ̀rẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Márẹ̀kì."

"Ewú orí wọn ńkọ́?"

Márẹ̀kì kò bínú mọ́, ẹnu ń yà á ni. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán kan hàn mí: ọmọdé kan nínú pápá, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ó di ọrùn ewúrẹ́ mú, orí rẹ̀ sì funfun báláú. Òun náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bí bàbá rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ló bi mí. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Mo sọ fún un.

Ó wo orí mi tí mo máa ń fá dán, ó wo ojú mi. "Irọ́ ni. Mo rò pé o kò tíì tó mi ni. Bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ jù ọ́ lọ." Ó wá rántí àkàbà. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń rántí rẹ̀, àkàbà, tíì, ìtẹríba, àti ohun tí mo wá ṣe nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó rọra dìde lórí àga rẹ̀, ó tì í sí ọ̀dọ̀ mi. "Bí ìyá mi àgbà bá gbọ́ pé mo jẹ́ kí o máa gbé àkàbà fún mi, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀."

N kò jókòó. Gbogbo sà tí mo ti sà fún un ń padà bọ̀ sí ọ̀fun mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti dọ̀bálẹ̀, àyà mi ti kanlẹ̀, fún ẹni tí ǹ bá máa rán níṣẹ́.

"Márẹ̀kì," ni mo wí, láìfi nǹkan kan kún un, "wáyà mi wà lókè àjà rẹ lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ fèrèsé. Lọ ṣí i fún mi."

Dáníẹ́lì fara mọ́ ògiri bí ẹni tó fẹ́ kí àkàbà fò kọjá lórí òun.

"Kéèkì mi ńkọ́?" ni Márẹ̀kì wí.

"Jẹ ẹ́. Bí o bá jẹ ẹ́ tán, gbé àkàbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ó wí. Òun nìkan ló sì gbé e.

*

Ó ṣí àjà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó di àkàbà mú fún mi, bó ti yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mú àwọn wáyà sọ̀kalẹ̀, mo ya okùn tín-ínrín inú wọn sọ́tọ̀, mo tẹ kálukú sínú ihò rẹ̀, mo dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìdánwò tan iná àwọ̀ ewé lórí èyí àkọ́kọ́, ó tan án lórí èkejì, àfi èyí tó kẹ́yìn tó pọ́n. Pátákó Márẹ̀kì ti fún wáyà náà pa lókè. Márẹ̀kì wo iná pupa náà bí ẹni tó pa adìẹ aládùúgbò.

"Ṣé mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni, sà?"

"Dákẹ́, kí o fa òṣùká yẹn sí mi." Ní Ìkìrun, a kì í gé wáyà láìfi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìpamọ́. Mo gé ibi tó fún pa kúrò, mo fa èyí tó kù sọ̀kalẹ̀, mo tún un tẹ̀. Àwọ̀ ewé.

Márẹ̀kì ń há pátákó tó kẹ́yìn, èmi ń gbé e fún un, nígbà tí àwọn onílé ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bọ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi gbé e fún un.

Obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí àpótí irin, ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ títí, ó ń wo bí wáyà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn wọlé láìsí èyí tó wọ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

Dáníẹ́lì nàka sí mi.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyàwó mi ni, mà," ni mo wí. "Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ irun dídì."

Ó rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ sí ìwé Dáníẹ́lì.

Nírọ̀lẹ́ mo pe Inísà pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ títí. Adúkẹ́ kò kígbe, kò dúpẹ́. Mo gbọ́ tí zípù ń dún.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀wù òtútù mi ni. Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ, mo ń gbọ́."

Mo wá pe Òkukù. Màmá Òkukù gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n, wọ́n wá bi mí pé ṣé àyà mi kanlẹ̀ dáadáa. Mo ní ó kanlẹ̀, mà. Wọ́n ní kò burú, kò sí ìdọ̀bálẹ̀ tó ṣòfò nígbà tí ẹni tó ṣe é kò farapa.

Láti ọjọ́ náà ni Márẹ̀kì ti ń pè mí ní sà, tí mo sì ń pè é ní Márẹ̀kì. Ẹni tó ń kun ògiri náà wá ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́ lédè Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí mo bá jókòó ti tíì ló máa ń kí mi. Bí mo bá wo ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iná ti tàn nínú yàrá tó ṣókùnkùn náà díẹ̀. Ó ti wá di pé mo mọ ẹnì kan tí mo dàgbà jù.

Adúkẹ́ dé Leeds ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, a sì jọ padà sí Inísà.